In Our Time ti Hemingway: kí ló dé tí ìtàn àkọ́kọ́ ò sí nínú ẹ̀dà tuntun tí mo rà?

Àdùkẹ́_Akàwé
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀dà tuntun In Our Time, àkójọ ìtàn kúkúrú Hemingway, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà yẹn, èèpo ẹ̀ dáa, pépà ẹ̀ nípọn, lẹ́tà ẹ̀ ò dun ojú rárá. Àmọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìwé yìí, ẹ̀dà àtijọ́ kan tí mo yá ní láíbìrì ni, mo sì rántí pé ìtàn èbúté Smyrna yẹn (ìlú tí wọ́n ń pè ní Izmir ní Turkey báyìí) ló wà níwájú pátápátá, èyí tí àwọn èèyàn ti ń figbe ta lóròòru láago méjìlá, tí àwọn obìnrin gbé òkú ọmọ wọn mọ́ra tí wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn. Kò kúrò lọ́kàn mi látọjọ́ náà. Èyí tí mo rà yìí, Indian Camp ló fi bẹ̀rẹ̀ tààrà, mo tú u dé ẹ̀yìn, mi ò rí Smyrna kankan. Ṣé wọ́n fò ó ni àbí ìwé tèmi ló já? Ṣé kí n dá a padà?

Ẹ̀gbọ́n_Láyí
Àdùkẹ́, má tíì dá a padà o. Ìwé ẹ ò já. Ìwé yẹn ò jẹ́ ẹyọ kan látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ní 1924 wọ́n tẹ pẹlẹbẹ kan ní Paris, ẹ̀dà 170 péré, abala péńpé 18 ló wà nínú ẹ̀, kò sí ìtàn tó gùn. Èyí táa wá mọ̀ lónìí, Boni & Liveright ló tẹ̀ ẹ́ ní New York ní October 1925, ibẹ̀ ni wọ́n ti to àwọn ìtàn gidi sáàárín àwọn abala péńpé yẹn. Smyrna ò sí níbẹ̀! Ìgbà tí Scribner's tún un tẹ̀ ní 1930 ni Hemingway tó kọ ọ́ kún un, ọ̀rọ̀ ìṣáájú òǹkọ̀wé ni wọ́n sì pè é nígbà náà, 1938 ló tó gba orúkọ On the Quai at Smyrna.

Wàá wá bi mí pé kí ló kan ẹ̀dà tuntun nínú ìyẹn. Kọ́píráìtì ni, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì tẹ ìwé láìgbàṣẹ. Òfin Amẹ́ríkà fún ìwé ìgbà yẹn tí wọ́n bá tún kọ́píráìtì ẹ̀ ṣe lásìkò, ọdún 95 ni. Ti 1925 yẹn bọ́ ní January 1, 2021, látìgbà náà ni oníkálukú ti ń tẹ̀ ẹ́ tí ẹ̀dà tuntun wá pọ̀ lọ bí omi. Ti 1930 ní tiẹ̀, ó di January 1, 2026 kó tó bọ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láàárín ọdún márùn-ún yẹn tí kò gbàṣẹ, kò lè fi Smyrna sí i. Lọ wo ẹ̀yìn ojú ewé tí wọ́n kọ orúkọ ìwé sí, ọdún tí wọ́n tẹ̀ lé máa wà níbẹ̀.

Àdùkẹ́_Akàwé
Háà, ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. 1925 ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́. Up in Michigan ńkọ́, ìtàn Hemingway tí kò sí nínú ẹ̀ náà, ṣé bákan náà ni?

Ẹ̀gbọ́n_Láyí
Rárá, ìyẹn yàtọ̀. Àwọn Boni & Liveright ló yọ ọ́ torí ẹ̀rù bà wọ́n pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin àtobìnrin inú ẹ̀ ti pọ̀ jù, The Battler ni Hemingway kọ dípò ẹ̀.

Ìyá_Tóbi
Bọ̀dá Láyí, gbogbo ohun tẹ́ẹ sọ ni mo gbà, àmọ́ Àdùkẹ́ ọmọ mi, èmi ò ní gba ìwé yẹn láìsí Smyrna. Ẹ wo bí okùn ẹ̀ ṣe lọ. Láàárín ìwé, ní Chapter V, wọ́n yìnbọn pa àwọn mínísítà mẹ́fà lára ògiri ọsibítù láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, òjò ń rọ̀, táífọ́ọ̀dù ń ṣe ọ̀kan nínú wọn, àwọn ṣọ́jà fẹ́ gbé e dúró kò lè dúró, nígbà tí ìbọn àkọ́kọ́ máa fi dún inú omi ló jókòó sí tó gbórí lé orúnkún. Àwọn aláṣẹ Gíríìsì tí wọ́n pa ní 1922 nìyẹn, ogun tí Gíríìsì bá Turkey jà tí wọ́n pàdánù, tó parí sí Smyrna, ló kó bá wọn. Tẹ́ẹ bá wá dé ìparí pátápátá, ọba Gíríìsì fúnra ẹ̀ lẹ máa bá nínú ọgbà, wọn ò jẹ́ kó jáde, ó ń sọ pé Amẹ́ríkà lòun fẹ́ lọ. Ẹni tí ò bá ka Smyrna níwájú, ojú lásán ló máa fi wo ọba yẹn.

Nǹkan kan tún wà. Ẹ yẹ àwọn abala péńpé yẹn wò dáadáa. Mo ra ọ̀kan sórí fóònù tí wọ́n ti yọ lẹ́tà ítálíìkì tó yẹ kó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò, wọ́n lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ìtàn tó tẹ̀ lé e, mo kà á títí mi ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, inú bí mi débi pé mo pa á rẹ́. Ìyẹn ni mo máa dá padà ní tèmi.

Àdùkẹ́_Akàwé
Màmá, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, gbogbo ẹ̀ pé, ítálíìkì ni. Mo wá padà lọ ka ti ọba yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyàwó ẹ̀ ń gé igi òdòdó róòsì, mi ò tiẹ̀ kíyè sí i rí pé Gíríìsì kan náà ni. Mi ò ní dá a padà. Màá lọ yá ti láíbìrì, màá ka Smyrna nínú ẹ̀ lálẹ́ òní, kí n tó wá ṣí tèmi láti Indian Camp.