Mo gbé iwájú Toyota 4Runner mi sókè, ó ti di wàhálà sí mi lọ́rùn, ẹ gbà mí o

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mẹkáníìkì kan ló ba mọ́tò mi jẹ́ ní Ìbàdàn níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ẹbí ìyàwó mi ló mú un wá, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù, tí mo bá pariwo báyìí wọ́n á ní mo ń rí àwọn fín. Ẹ wò ó, mo ní oko lápá Adó-Àwáyè. Láti Mọ́níyà dé Ìsẹ́yìn ọ̀nà dáa, àmọ́ téèyàn bá ti yà kúrò lórí títì, òkúta ni o, kòtò tí ewúrẹ́ lè bímọ sí ni o, bọ́ńpà iwájú mi ò sinmi híha ilẹ̀. Iwájú mọ́tò yìí tún rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ bí wọ́n ṣe ṣe é wá, ó dà bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ló fi fídíò hàn mí, wọ́n ní sípésà lásán, irin tó ń fi kún gíga mọ́tò, ni wọ́n ń fi sórí ṣọ́kì iwájú, iwájú àti ẹ̀yìn á wá dọ́gba. Mo ní kí wọ́n ṣe é. Àtìgbà yẹn mi ò rójú. Tí mo bá gun bọ́ǹpù, gbà! bí ẹni fi òòlù na irin. Tí mo bá yí sítíárìn dé òpin, kẹ́-kẹ́-kẹ́. Tí mo bá yà tán sítíárìn ò ní padà fúnra ẹ̀, àfi kí n fọwọ́ dá a padà. Lálẹ́ àwọn onítírélà á máa ṣẹ́ná sí mi lójú bíi pé mo jẹ wọ́n lówó. Lánàá mo tún rí gíríìsì tó fọ́n sára ríìmù látinú. Mẹkáníìkì ò gbé fóònù mi mọ́. Sátidé a ń lọ ìdána ní Ṣakí, èmi, ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti ìyá ìyàwó mi. Kí ni kí n ṣe? Ẹ má bú mi o.

Akin Ìwó Road: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ọdún wo ni? Ẹ́ńjìnnì V6 àbí V8? Ṣé fọ́ọ̀ wíìlì ni àbí ẹ̀yìn nìkan ló ń fà? Ìńṣì mélòó lẹ fi gbé e? Ẹ ti ṣe aláíńmẹ́ǹtì, kí wọ́n to táyà kó dúró gún? Gbogbo ìtàn ìdána yẹn dáa, àmọ́ ẹ ò tíì sọ nǹkan kan nípa mọ́tò.

Màmá Tọ́lá: Toyota ṣe mọ́tò tán, ẹ ní kò ga tó. Ọkọ mi náà ṣe irú ẹ̀ sí Hilux nígbà kan, kí n tó wọ mọ́tò ọ̀hún bí ẹni ń gun ọ̀pẹ ni, tòun ti ìró àti gèlè. Lọ́jọ́ kan ìró tú ní gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ dá a padà sí bó ṣe wà jàre.

Ṣẹ́gun Ladipo: Aláíńmẹ́ǹtì ni. Ẹ lọ ṣe aláíńmẹ́ǹtì.

Ọmọ Àgbẹ̀: 2005 ni, V6, fọ́ọ̀ wíìlì ni, 4H àti 4L ẹ̀ (ibi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń fà) ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìńṣì 2 péré ni mo fi gbé e, mi ò ṣe àṣejù. Aláíńmẹ́ǹtì, mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni àkọ́kọ́ ní bóòtù áàmù ìsàlẹ̀, apá irin tó di táyà mú, ti dípẹtà kò yí. Ẹnì kejì yí i dé òpin, ó ní nọ́ńbà náà ò wọlé síbẹ̀, ó sì gbowó ẹ̀ pé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kí n dá a padà, ẹ wá gba ọ̀nà oko mi lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀.

Baba Ìbejì: Irú ẹ̀ ṣe mí rí. Lexus GX 460 ni tèmi, wọ́n fi sípésà sí i tán, mọ́tò fì sápá dírẹ́bà bí ẹni tó ru omi léjìká kan. Wọ́n tú u wọ́n dè é lẹ́ẹ̀mẹta. Àṣé KDSS ló ní, epo ló ń darí ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ mọ́tò pọ̀, skúrù kékeré méjì wà lára fáàfù ẹ̀ lábẹ́ apá dírẹ́bà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi álẹ́ǹ kíì tú díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí wọ́n wá dè é padà nígbà tí mọ́tò bá dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó tú u.

Akin Ìwó Road: Baba Ìbejì, 4Runner 2005 ò ní KDSS. Ti ọdún 2010 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ní in, kì í tún ṣe gbogbo wọn. Mọ́tò tèyin ò sì kan kẹ́-kẹ́-kẹ́.

Baba Ìbejì: Mo mọ̀. Mo ní kí n fi tèmi kún un ni. Àbí ẹ ti ra grúpù?

Ẹ̀gbọ́n Houston: Ọmọ Àgbẹ̀, èmi ń wa 2007, irú ara kan náà. Ìńṣì 2 àti ààbọ̀ ni mo fi gbé iwájú tèmi, ó ti lé lọ́dún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣe aláíńmẹ́ǹtì tó sì wọlé. Ìńṣì 2 kì í fa gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí. Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ ò tíì sọ. Níbo lẹ ti ra sípésà? Ẹ fi fọ́tò ẹ̀ hàn wá.

Ọmọ Àgbẹ̀: Irin ni, kì í ṣe rọ́bà. Ó lágbára.

Ẹ̀gbọ́n Houston: Mi ò béèrè bóyá ó lágbára.

Ṣẹ́gun Ladipo: Ẹ má da ọkùnrin náà láàmú. Aláíńmẹ́ǹtì ni mo sọ. Kó wá ẹni tó ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Àgbẹ̀: Ó dáa. Mi ò rà á. Èyí tí wọ́n ń tà ti wọ́n jù, mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ léèdì yí irin, ó gé e fún mi, ó jó bóòtù mẹ́ta mẹ́ta mọ́ ọn. Ìńṣì 2 géérégé ni, níṣojú mi ló ṣe fi téèpù wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Houston: Há! Ṣé irin gan-an ló nípọn ní ìńṣì 2?

Ọmọ Àgbẹ̀: Bẹ́ẹ̀ ni. Ìńṣì 2 ni mo fẹ́, ìńṣì 2 ni mo ní kó gé.

Ẹ̀gbọ́n Houston: Ẹ̀gbọ́n, ìńṣì 4 lẹ gbé mọ́tò yẹn. Ṣọ́kì iwájú ò dúró sórí táyà, àárín áàmù ìsàlẹ̀ ló dúró sí. Ẹ lọ síbi ilẹ̀kùn yín báyìí, ẹ ti àárín ẹ̀ pẹ̀lú ìka, kó sún ìńṣì kan, kẹ́ ẹ wá wo etí ẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti sún tó méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni áàmù yẹn. Sípésà tí wọ́n ń tà pé ó ń gbé mọ́tò ní ìńṣì 2, irin ẹ̀ ò ju bí ìńṣì kan lọ, tẹ́ ẹ bá dì í mú ẹ ó rò pé wọ́n rẹ́ yín jẹ ni.

Ṣẹ́gun Ladipo: Ìńṣì 2 wá di ìńṣì 4? Ọgbọ́n Amẹ́ríkà.

Akin Ìwó Road: Ṣẹ́gun, òótọ́ ni o. Ọmọ Àgbẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Láti àárín ríìmù lọ sókè dé etí fẹ́ńdà, iwájú àti ẹ̀yìn, kí mọ́tò wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́.

Ọmọ Àgbẹ̀: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n, téèpù tíyàwó mi fi ń ránṣọ ni mo lò. Iwájú 23 àti ààbọ̀. Ẹ̀yìn 21.

Màmá Tọ́lá: 🙆🏾‍♀️ Ìyẹn ni pé mọ́tò ń wòkè. Abájọ tí àwọn onítírélà fi ń ṣẹ́ná.

Akin Ìwó Road: Gbogbo ẹ̀ ti yé mi. Ṣáàfù iwájú tó ń yí táyà ti dà gẹ̀rẹ̀ jù, rọ́bà CV tó bo oríkèé ẹ̀ ti ya, ìyẹn ni gíríìsì tó fọ́n sí ríìmù, iyanrìn ti wọ inú ẹ̀, ìyẹn ni kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ẹ má rò pé tẹ́ ẹ bá fi nóòbù sí 2H, kí ẹ̀yìn nìkan máa fà, ó ti bọ́ o, ṣáàfù yẹn ṣì ń yí tẹ̀lé táyà. Gbà tẹ́ ẹ ń gbọ́, táyà ló ń já sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì òkè, oríkèé tó so áàmù òkè mọ́ ẹsẹ̀ táyà, á wá dé òpin, áàmù òkè á máa kan sípríǹgì. Sítíárìn tí kò padà, àìwọlé aláíńmẹ́ǹtì ni. Kò sí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó lè mú un wọlé ní gíga yẹn pẹ̀lú áàmù tó bá a wá.

Ẹ̀gbọ́n Houston: Àwọn bóòtù tí wọ́n jó mọ́ irin yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tí ọ̀kan bá já lórí eré ńkọ́? Ẹ má gbé ọmọ sínú mọ́tò yẹn lọ Ṣakí. Ẹ tú irin yẹn kúrò, ẹ ra sípésà gidi tó nípọn bí ìńṣì kan, ẹ pààrọ̀ ṣáàfù tó ń dún, ẹ yẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì wò, kí wọ́n tú bóòtù tó dípẹtà yẹn kẹ́ ẹ tó padà lọ ṣe aláíńmẹ́ǹtì. Wọn ò gbọ́dọ̀ de bóòtù áàmù ìsàlẹ̀ pa nígbà tí táyà bá ṣì wà lófuurufú lórí jáàkì o, kí mọ́tò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ rọ́bà inú ẹ̀ á lọ́ á sì ya.

Ṣẹ́gun Ladipo: Ṣé ẹ rí i pé ó ṣì kan aláíńmẹ́ǹtì.

Màmá Tọ́lá: Ẹ̀yin náà ẹ bá mi wo mẹkáníìkì tó rí irin tó nípọn tó yẹn tó sì fi sí i. Ojú ẹ̀ fọ́ ni?

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ má bú u jù. Kí n má purọ́, ó sọ fún mi. Ó ní irin yìí ti pọ̀ jù, kí n lọ ní kí wọ́n dín in kù sí ìdajì. Èmi ni mo ní kó fi sí i bẹ́ẹ̀, mo ní ṣé òun ló máa bá mi san owó léèdì lẹ́ẹ̀kejì ni. Òun àti ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ fi ọ̀pá irin tẹ áàmù yẹn mọ́lẹ̀ títí kó tó wọlé.

Akin Ìwó Road: Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n. Láti àárọ̀ ẹ ò sì sọ?

Baba Ìbejì: Mẹkáníìkì tí kò gbé fóònù yín mọ́ yẹn, ẹ ti sanwó iṣẹ́ ẹ̀ tán?

Ọmọ Àgbẹ̀: Mo san ìdajì. Mo ní kó kọ́kọ́ wá tún un ṣe kí n tó san tó kù.

Màmá Tọ́lá: Ẹ fi ìdajì tó kù ránṣẹ́ sí i nísinsìnyí, kẹ́ ẹ wá tún un pè. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ Ṣakí.

Ọmọ Àgbẹ̀: Mo ti fi ránṣẹ́. Ó gbé e ní ìpè àkọ́kọ́. Ó ní kí n mú téèpù dání bọ̀ lọ́la.