Mo ṣe Àmín sórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá jà. Mi ò gbà pé Ọlọ́run wà, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án báyìí, gbogbo ilé wa ní Ẹ̀pẹ́ ló sì mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, bàbá mi, Àlàájì pátápátá, kò pariwo. Ó kàn ní, "Ṣé ìwọ náà fẹ́ di Tai Solarin aláìgbàgbọ́ ni? Kò burú. Tai Solarin dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Ìwọ ńkọ́, kí lo dá sílẹ̀?" Títí dòní, mi ò tíì rí èsì ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo fẹ́ sọ. Ẹja ló ń tà lọ́jà Olúwo. Ilé mùsùlùmí ló fẹ́ sí, ṣùgbọ́n nígbà tí gìrì ń gbé àbúrò mi ní kékeré, ilé àdúrà aláṣọ funfun kan ló gbé e lọ, ara ọmọ yá, òun náà ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Bàbá ò bá a jà. Tí ọdún Kayokayo Ẹ̀pẹ́ bá dé, á wọ aṣọ ẹbí bíi ti gbogbo ìyàwó ilé.

Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n kọ oògùn fún un, ẹyọ kan láràárọ̀. Ó lò ó fún oṣù mẹ́rin. Wòlíì wá ní ẹni tó bá fi ọwọ́ kan di Ọlọ́run mú, tó fi èkejì di oògùn mú, ọwọ́ méjèèjì ló máa bọ́. Ara kò ro ó kó tó dáwọ́ dúró, kò sì ro ó lẹ́yìn tó dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn. Kí lèèyàn fẹ́ fi bá a jiyàn?

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo wálé, mò ń wá ṣúgà, mo ṣí agolo Bournvita tó wà lórí fìríìjì. Oògùn ló kún inú ẹ̀. Mo tò ó sórí tábìlì: sáṣẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá, kò sí èyí tí wọ́n já ẹyọ kan nínú ẹ̀.

"Màámi, kí lèyí?"

"Owó tí o fi ránṣẹ́ ni mo fi rà á. Mi ò ná an sí nǹkan mìíràn."

Ẹ gbọ́ o. Ó ń rà á lóṣooṣù kó má baà purọ́ fún mi! Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi fídíò dókítà hàn án. Ó ní òun ti gbọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ń kó ọ̀bọ̀kún sínú abọ́ lọ́wọ́ ni apá òsì rẹ̀ kọ̀ tí kò gbé mọ́, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọsibítù wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: 210 lórí 120.

Ọjọ́ mẹ́tàlá ló lò níbẹ̀. Àwọn obìnrin ilé àdúrà yẹn náà ló pín ọjọ́ láàárín ara wọn tí wọ́n ń wẹ̀ fún un, tí wọ́n ń fọ aṣọ tó tọ̀ sí, tí wọ́n ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ alásàlátù àbúrò bàbá mi dá owó, ó tó ìdajì owó ọsibítù. Àwa aláìgbàgbọ́ ní gúrúùpù tiwa lórí Wáàsáàpù. Wọ́n kọ "pẹ̀lẹ́" ránṣẹ́. Mi ò bú wọn, mo kàn ń ròyìn ni.

Ọwọ́ ń yún mi láti na wòlíì. Mo mọ ibi tí ẹ̀kọ́ yẹn ti ṣẹ̀ wá. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ìfúlúẹ́ńsà ti 1918, àwọn Joseph Sadare àti Sophia Odunlami, tí wọ́n wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ aládùúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde, yíjú sí àdúrà àti omi òjò. Kò sí oògùn tó ń wo àrùn náà nígbà yẹn. Ká ní mo wà níbẹ̀, bóyá èmi náà ìbá mu omi òjò yẹn. Ṣùgbọ́n ti ìyá mi, oògùn wà nínú agolo Bournvita!

Wòlíì wá fúnra rẹ̀, ó fẹsẹ̀ lásán gun àtẹ̀gùn ọsibítù. Ọkùnrin tín-ín-rín ni. Ìjà tí mo ti tò sílẹ̀ kò jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Bàbá Wòlíì, ẹ bá wa gbàdúrà sí oògùn yìí." Ó wò mí títí. Ó gbé sáṣẹ́ẹ̀tì náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó wọ́n omi sí i, ó ní kó lọ ṣe iṣẹ́ tí Olúwa rán an. Ó wá dákẹ́. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń retí mi.

Mo ní, "Àmín."

Ìyá mi la ẹnu. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, kò tíì pa ọjọ́ kan jẹ.

Ìyá Alákàrà, Ìkòròdú

Onígbàgbọ́ lèmi. Ìyá onílé wa, olùṣọ́àgùntàn ni, ó ní Orò kì í ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kéde pé kí obìnrin má jáde, òun ló ń kọ́kọ́ ti géètì. Lọ́dún kan, mi ò gbọ́ ìkéde, mo ti rẹ ẹ̀wà kóńgò mẹ́ta, mo ti bó o, mo ti lọ̀ ọ́. Ó kan lé mi lọ́wọ́. Èwo ni kí n bá jà, Orò àbí onílé?

Ọmọ Ẹ̀gùn, Àgbádárìgì

Lọ́dọ̀ọ́ wa níbí ni wọ́n ti wàásù Jésù lábẹ́ igi Agia ní 1842. Zangbeto, eégún tó ń ṣọ́ ìlú wa lóru, ò sì kó kúrò nílùú. Bóyá ẹ̀mí ló wà lábẹ́ ìko yẹn, bóyá àna mi ni, mi ò bèèrè. Mo ń fi jẹnẹrétọ̀ mi síta sùn.

Abdulláhì

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ìyá rẹ rò pé omi wòlíì ló wo òun. O tan ìyá rẹ jẹ nìyẹn o.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Bẹ́ẹ̀ ló rò lóòótọ́, mi ò sì tíì tú u fún un. Lóṣooṣù ni mò ń gbé èyí tuntun lọ bá wòlíì. Lóṣù tó kọjá, kò sí nílé, ìyá mi sì ní òun ò ní mu èyí tí wọn ò gbàdúrà sí. Mo yẹ ọ̀nà wò, bàbá mi ò sí nítòsí. Mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, mo gba àdúrà náà fúnra mi.

Ó ní kò gùn tó, kí n tún un gbà.