Bàbá mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀rù kí ìtọ̀ má dí ló ń bà mí

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Tọ́sìdeè tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gé jẹ̀díjẹ̀dí bàbá mi níbí n'Ìbàdàn, ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Alábàágbé wa kan ṣe tiẹ̀ lésìí, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú kò rí ìtọ̀ kankan tọ̀, abẹ́ ìdodo ẹ̀ le gbandi, ó ń làágùn ó ń di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ìgbà tí wọ́n ki rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde bọ̀ ọ́ ló tó mí kanlẹ̀. Bàbá mi gan-an máa ń jí tọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru. Kí la lè ṣe ṣáájú? Ẹnì kan ní kí wọ́n fa omi dírípù sí wọn lára dáadáa, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù: Rárá o, kí wọ́n má fa omi púpọ̀ sí wọn lára! Àwọn iṣan tó ń darí ìdí àti àpò ìtọ̀, ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn kan náà ni wọ́n ti wá, tí ìdí bá ń ro èèyàn, ẹnu àpò ìtọ̀ á fún pa. Tó bá wá jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, èyí tó ń pa ìsàlẹ̀ ara kú, ni wọ́n fún wọn, àpò yẹn á kú tipiri, wọn ò ní mọ̀ pé ó ti kún, bẹ́ẹ̀ dírípù ṣì ń wọlé. Kí wọ́n tọ̀ kí wọ́n tó wọ tíátà, ẹ bá dókítà sọ ọ́ kí dírípù mọ níwọ̀n, kí wọ́n sì máa fún wọn ní parasítámọ́ẹ̀lì lásìkò, kó má jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá ń ké ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá oògùn kiri, torí abẹ́rẹ́ líle bíi morphine náà máa ń dí ìtọ̀.

Ìyá Ìbejì: Jíjí lẹ́ẹ̀mẹrin yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà, ó lè jẹ́ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, ló wú. Wọ́n lè fún wọn ní tamsulosin, oògùn tó ń dẹ ẹnu àpò ìtọ̀, ṣáájú. Kí wọ́n sì má lo Piriton tàbí oògùn ọ̀fìnkìn láìbéèrè, òun náà ń dí ìtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà: Èmi náà ṣe é. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi jí, ìyàwó mi gbé mi dìde, ọkùnrin ò kí ń rí ìtọ̀ tọ̀ dáadáa ní ìdùbúlẹ̀, kò jáde, ó wá bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báfù, mo jókòó síbẹ̀, ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ìtọ̀ dé, inú omi yẹn ni mo tọ̀ ọ́ sí, kí bàbá má tijú. Ṣùgbọ́n tó bá ti tó wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ tí nǹkan ò jáde, ẹ pe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kíá, ẹ má dúró dìgbà tí ikùn bá le.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá wa tọ́jú ẹ̀yin náà. Mo ti lọ ra báfù tuntun, lọ́la mo máa bá dókítà sọ̀rọ̀ jíjí òru yẹn.