Mo ti jẹ́wọ́, mo ti san owó padà, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín láti Abẹ́òkúta. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, èmi sì ni akápò ẹgbẹ́ obìnrin ní ìjọ wa. Nígbà tí ọjà kùtà lọ́dún tó kọjá, mo fi owó ẹgbẹ́ ra aró, pẹ̀lú èrò pé n ó dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Mo ti san gbogbo rẹ̀, mo sì ti jẹ́wọ́ fún àwọn àgbà ìjọ, tí wọ́n dárí jì mí (ìyá àgbà kan tilẹ̀ sunkún ju èmi gan-an lọ).

Mo mọ ìlérí 1 Jòhánù 1:9, pé bí a bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa, Ọlọ́run yóò dárí rẹ̀ jì wá. Mo sì mọ̀ pé Pétérù tó sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta ni Jésù tún fi àwọn àgùntàn Rẹ̀ lé lọ́wọ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá pè wá síbi oúnjẹ Olúwa, ẹsẹ̀ mi kì í gbé. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú ọ̀nà yìí kọjá, ṣé kí n dúró títí ọkàn mi yóò fi balẹ̀ ni, àbí kí n máa lọ tòun ti omijé?