Eérú ni mo fi gbé pH sókè, àrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kú. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

ÒjòParakin (Ilé-Ifẹ̀):

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni.

Aquaponics inú ilé ni, ìyẹn ẹja àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń lo omi kan náà. Tánkì IBC (tánkì rọ́bà ńlá inú férémù irin) oní-lítà 1,000, àrọ̀ 60 nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ bíi gíráàmù 250. Bẹ́ẹ̀dì òkúta wẹ́wẹ́ méjì ló ń gba omi rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, ó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ló wà lórí wọn. Omi bọ́ọ̀hóòlù ni. Oúnjẹ wọn jẹ́ gíráàmù 300 lójúmọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, mítà ọwọ́ ka pH 5.7 (7 ni àárín; bó bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ni omi ń kan sí i). Amóníà, èyí tó ń ti ara ìdọ̀tí ẹja wá, dé 8 lórí API kit tí a fi ń dán omi wò, ìyẹn àwọ̀ tó gbẹ̀yìn lórí káàdì. Síbẹ̀, ẹja ń jẹun dáadáa. Wọ́n ní eérú igi máa ń gbé pH sókè, ni eérú agolo mílíìkì mẹ́fà bá wọ inú tánkì nírọ̀lẹ́ àná. Ní ago mẹ́fà àárọ̀ yìí, pH ti di 8.8. Méje ti kú. Àwọn yòókù nàró sínú omi, ẹnu sókè, wọ́n ń gbọ̀n, ara wọn sì ń yọ̀ bí ilá. Náítíráìtì (nitrite) jẹ́ 0.5, náítíréètì (nitrate) 160.

Àrọ̀ tí ń gbé inú ẹrẹ̀, báwo ló ṣe ń kú nínú omi tó mọ́ tó báyìí?

MàmáẸlẹ́ja (Iléṣà):

Ọmọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gba èyí tó kù là, ká tó máa wádìí.

Ẹ dá oúnjẹ dúró báyìí báyìí. Ẹ kó òkú ẹja kúrò, nítorí ó ń jẹrà, amóníà ló sì ń tú jáde. Ẹ fa lítà 400 dànù nínú tánkì, láti ìsàlẹ̀ níbi tí ìgbẹ́ ẹja jókòó sí, kí ẹ sì fi omi bọ́ọ̀hóòlù dí i. Ẹ jẹ́ kí omi náà máa rọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan ó lé, kí ó má ṣe wọlé gbuu. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba tó ní kiloríìnì, ẹ má lò ó lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù tó ṣí sílẹ̀, kí pọ́ńpù atẹ́gùn máa fẹ́ ẹ fún ọjọ́ kan sí méjì. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, ẹ tún yí 400 mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì yẹn yóò gbé amóníà láti 8 wá sí nǹkan bíi 3, pH náà yóò sì rọra sọ̀kalẹ̀.

Ẹ má rọ ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí pH lè yára já. Ẹja tí pH omi rẹ̀ fi nǹkan bíi 3 gòkè lóru kan, bí ẹ bá tún já a lulẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ti lù ú lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá yí omi kejì tán, ẹ wọn iyọ̀ ọbẹ̀ kílò kan, ẹ pò ó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ rọ ọ́ sínú tánkì. Gíráàmù kan sí lítà kan nìyẹn. Kì í ṣe nítorí amóníà, nítorí náítíráìtì tó ń bọ̀ níwájú ni. Ẹ máa lò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Iyọ̀ kì í kúrò nínú omi àfi tí ẹ bá da omi náà nù, ẹ̀fọ́ kò sì lè fara dà á bí ẹ bá ń bu ú lé ara wọn.

ÀjàyíẸlẹ́rọ (Mọ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀):

Ohun tí Màmá sọ ni kí ẹ ṣe. Èmi fẹ́ dáhùn ìbéèrè yín nípa omi tó mọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Amóníà tí kit ń kà pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, èkejì ni májèlé. pH ni ó ń pinnu èyí tó máa pọ̀ jù, ooru omi sì ń ràn án lọ́wọ́. Nínú omi tó wà ní ìwọ̀n 28 °C, tí pH bá jẹ́ 7, oró kò tó 1 nínú 100 amóníà tí ẹ kà. Ní pH 8, ó ti di bíi 6 tàbí 7. Ní 8.8, ó ti lé ní 30.

Ẹ wá fi ti yín sí i. Amóníà 8 ní pH 5.7: oró tó wà níbẹ̀ kò tó mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan, ìdí nìyẹn tí ẹja fi ń jẹun. Amóníà 8 kan náà ní pH 8.8: oró ti lé ní mílígíráàmù 2. Eérú kò mú amóníà wá o. Ó ti wà níbẹ̀ ní sísùn, eérú ló jí i. Kò sì pa omi láró, nítorí náà ojú lásán kò lè rí i.

Èé ṣe tí amóníà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn bakitéríà inú òkúta, Nitrosomonas àti Nitrospira, ni wọ́n ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí wọ́n tún ń sọ náítíráìtì di náítíréètì tí ẹ̀fọ́ ń jẹ. Bí pH bá já kọjá 6 sísàlẹ̀, iṣẹ́ wọn á lọ sílẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ wọn fúnra rẹ̀ ló sì ń já pH: gíráàmù kan amóníà tí wọ́n bá yí padà, ó ń gba èròjà ẹfun tó tó gíráàmù 7 nínú omi. Oúnjẹ gíráàmù 300 ń bí amóníà bíi gíráàmù 9 lójúmọ́. Yíyí 9 yẹn padà ń fẹ́ èròjà ẹfun bíi gíráàmù 60 lójoojúmọ́! Orí àpáta ni Ifẹ̀ àti Iléṣà wà, ọ̀pọ̀ omi bọ́ọ̀hóòlù wa sì rọ̀, ọṣẹ á hó nínú rẹ̀ kíákíá. Kò ní ẹfun tó máa gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ òfin kan sára tánkì yẹn: amóníà kọ́kọ́, pH lẹ́yìn. Bí amóníà bá ju 1 lọ, ẹ má gbé pH sókè rárá. Omi ni kí ẹ yí.

Báyọ̀_Ṣábó:

Ẹ bá a ra oxytetracycline tí wọ́n ń fún adìyẹ, kí ẹ pò ó sómi. Ara tó ń yọ̀ yẹn lè jẹ́ àrùn.

MàmáẸlẹ́ja (Iléṣà):

Báyọ̀, rárá o. Òògùn apakòkòrò kò mọ kòkòrò rere yàtọ̀ sí búburú. Yóò pa bakitéríà inú òkúta tí à ń wá bí yóò ṣe jí, ó sì máa wọ inú ẹ̀fọ́ tí wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀. Bí ẹja kan bá ní egbò tàbí òwú funfun lára, inú dúrọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n ti tọ́jú ẹ̀, kí omi dúrọ́ọ̀mù náà má sì padà sínú tánkì.

Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn tó kú, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ wo ibi tó fi ń mí. Bí ó bá pupa, tí ikun sì bò ó, amóníà ni. Bí ó bá ti di àwọ̀ kọfí, náítíráìtì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, iyọ̀ sì di dandan lónìí.

ÒjòParakin:

Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Àjàyí. Ó pupa, ikun bò ó. A ti yí omi ẹ̀ẹ̀kan. Tí amóníà bá wálẹ̀ tán, kí ni mo lè fi gbé pH dípò eérú? Káún ńkọ́? Ìkarawun ìgbín sì pọ̀ nílé.

ÀjàyíẸlẹ́rọ (Mọ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀):

Káún kò dára. Sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀fọ́ kò nílò rẹ̀, yóò sì máa kó jọ. Ó sì tún ń gbé pH lójijì bí eérú.

Ìkarawun ìgbín ni kí ẹ lò. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fọ ẹran inú rẹ̀ kúrò pátápátá, ẹ sá a gbẹ, ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀pà. Kílò méjì nínú àpò àlùbọ́sà, ẹ so ó mọ́ ibi tí omi bẹ́ẹ̀dì ti ń dà padà sínú tánkì. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé omi kíkan ló ń yọ́ ọ. Bí pH bá ti súnmọ́ 7, yíyọ́ rẹ̀ á falẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò lè ṣe bí eérú. Èèpo ẹyin náà ń ṣe é, àmọ́ ó máa ń dí àpò. Ẹ máa gbọn àpò náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí bí ìdọ̀tí bá bò ó, kò ní yọ́ mọ́.

Ìkarawun ń lọ́ra. Bí pH bá ṣì wà lábẹ́ 6.2 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tí amóníà kò tó 1, ẹ fi ṣíbí tíì kan láìmù tí wọ́n ń tà fún àwọn ẹlẹ́ja (ẹfun lẹ́búlẹ́bú, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́) po omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ rọ ọ́ sórí òkúta, ẹ wọn pH lọ́jọ́ kejì. Kí pH má gòkè ju 0.3 lọ lójúmọ́. Láàárín 6.4 sí 7 ni kí ẹ dúró sí. Tó bá kọjá 7.5, ewé tuntun á máa pọ́n, iṣan rẹ̀ nìkan ni yóò dúró ní àwọ̀ ewé, nítorí irin inú omi ti di èyí tí gbòǹgbò kò lè mú.

MàmáẸlẹ́ja (Iléṣà):

Ìkarawun nìkan kò ní gbà yín o, ọmọ mi. Oúnjẹ yẹn ló pọ̀ jù. Ìwé FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé) lórí aquaponics kékeré, ti ọdún 2014, sọ pé gíráàmù 40 sí 50 lójúmọ́ fún mítà kan níbùú lóròó tí ẹ bá gbin ẹ̀fọ́ eléwé. Mítà méjì lẹ ní. Nǹkan bíi 90 ló tọ́ sí yín, ẹ sì ń fún wọn ní 300. Náítíréètì 160 yẹn ló ń sọ ọ́: ẹ̀fọ́ kò lè jẹ ohun tí ẹja ń sè kalẹ̀ tán.

Ẹ tà lára wọn, tàbí kí ẹ fi wọ́n se ọbẹ̀ lẹ́yìn tí ara wọn bá yá. Ogún ló tó ibẹ̀ ní ìwọ̀n yìí. Bí ẹ kò bá fẹ́ tà, ẹ fi bẹ́ẹ̀dì kún un. Kí ẹ sì gbé dúrọ́ọ̀mù lítà 120 sí àárín tánkì àti bẹ́ẹ̀dì kí ìgbẹ́ máa rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ máa tú ẹrẹ̀ ibẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọjọ́ méjìméjì. Ẹ ki ọwọ́ bọ òkúta títí dé ọrùn ọwọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, atẹ́gùn kò dé ibẹ̀. Àrọ̀ lè yọrí sókè mí nígbà tí iná bá lọ, bakitéríà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Pọ́ńpù atẹ́gùn oní-12 volt àti bátìrì kan ló yẹ kó wà níbẹ̀.

ÒjòParakin:

Ọjọ́ kẹfà rèé. Amóníà 0.5, pH 6.6, náítíráìtì ti gòkè dé 2. Òkú kò tún sí. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ?

MàmáẸlẹ́ja (Iléṣà):

Rárá. Náítíráìtì tí mo ní ó ń bọ̀ nìyẹn; àwọn tó ń jẹ amóníà ló kọ́kọ́ jí, àwọn tó ń jẹ náítíráìtì máa ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Iyọ̀ yẹn ń dáàbò bo ẹja báyìí, nítorí náà ẹ má yí omi púpọ̀ kí ẹ má baà dà á nù. Ẹ wọ̀n ọ́n láràárọ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, pẹ̀lú ìwé funfun lẹ́yìn ìgò; iná gílóòbù pupa ń tan ojú jẹ. Tí náítíráìtì bá wà lábẹ́ 0.5 fún ọjọ́ méjì léra, ẹ fún wọn ní gíráàmù 30, kí ẹ fi 10 kún un lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta títí yóò fi pé 90.