"Wherefore art thou Romeo": ṣé "níbo" ni àbí "èéṣe"?

Adétutù_Kútọ̀
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mò ń tú eré Romeo àti Juliet sí Yorùbá fún àwọn ọmọ girama kan níbí ní Abẹ́òkúta. Mo ti dé apá kejì, ìran kejì, níbi tí Juliet ti ní: "O Romeo, Romeo, wherefore art thou Romeo?" Mo kọ ọ́ pé "Romeo, Romeo, níbo lo wà?" Ẹni tó bá mi kà á ní mo ti ṣì í, pé "wherefore" kì í ṣe "where". Kí wá ni "where" ń wá nínú rẹ̀? Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ tí yóò fi yé àwọn òǹwòran?

Akọ̀wé_Ìbarà
Òótọ́ lẹni yẹn sọ. Ìdí ni "wherefore" ń béèrè: nítorí kí ni? "Where" iwájú rẹ̀ kò tọ́ka sí ibì kankan. "Kí ni" tàbí "èyí tí" ló dúró fún, "fore" sì ni "for", ìyẹn nítorí. Bẹ́ẹ̀ náà ni "whereby" ṣe jẹ́ "nípa èyí tí". Wo "therefore" tí a ṣì ń lò lójoojúmọ́: nítorí ìyẹn. "Wherefore" ń béèrè, "therefore" ń dáhùn. Ọ̀kan ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn, èkejì ti kúrò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí etí òde òní fi ń gbọ́ "where" nìkan.

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an tú u fó. Juliet ní kí Romeo sẹ́ bàbá rẹ̀, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń wá èèyàn kiri kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé Romeo wà nísàlẹ̀ nínú ọgbà tó ń gbọ́ ọ. Ohun tó ń dùn ún ni pé ọmọ ilé Montague, ọ̀tá ilé Capulet tirẹ̀, lọkàn rẹ̀ yàn.

Ibi tí ìtumọ̀ rẹ ti yà kúrò lọ́nà ni "art". Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn kó "wà" àti "jẹ́" pọ̀, Yorùbá kò sì gbà bẹ́ẹ̀, o ní láti mú ọ̀kan. Bí o bá mú "wà", ọ̀rọ̀ ti di ti ibi tí èèyàn wà. Dán an wò báyìí: bí ìdáhùn bá lè jẹ́ "mo wà ní Kútọ̀", "níbo" ni. Bó bá jẹ́ "nítorí pé" ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ìdáhùn, "èéṣe" ni.

Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ rèé: "Romeo, Romeo, èéṣe tó fi jẹ́ pé Romeo ni ọ́?" Má yọ "ni" yẹn o. Òṣèré tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi agbára ohùn tẹ "Romeo" ìkẹyìn. Bó bá tẹ "art", àwọn òǹwòran a rò pé ó ń wá a. Ohùn Yorùbá ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lórí sílébù kọ̀ọ̀kan, nítorí náà "ni" la fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí o bá máa fún àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà, má ṣe jẹ́ kí kọ́mà wọ àárín "thou" àti "Romeo". Kọ́mà yẹn ló ń sọ orúkọ náà di ìpè.

Ọmọ_Òkè_Olúmọ
"Èéṣe" ti jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì jù fún ọmọbìnrin tí kò tíì pé 14 ọdún. "Kí ló dé tó o fi ń jẹ́ Romeo?" ló máa tètè wọlé sí àwọn ọmọ létí, ọ̀rọ̀ orúkọ ló sì kàn lẹ́yìn rẹ̀.

Akọ̀wé_Ìbarà
"Kí ló dé" dára, mo fara mọ́ ọn. "Ń jẹ́" ni mi ò gbà, torí orúkọ nìkan ló mú. Bàbá ló kọ́kọ́ ní kó sẹ́, kó tó kan orúkọ. Irú ọmọ tó jẹ́ ló ń bá a jà. "Kí ló dé tó fi jẹ́ Romeo ni ọ́?" kó méjèèjì. Kó o má sì kọ "ẹ" fún "thou" o, "ìwọ" ni.

Ìyá_Oníwèé
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí àwọn ọmọ yóò pàdé rẹ̀ níbòmíràn. "Wherefore" ní iṣẹ́ kejì: "nítorí náà". Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1611, Mátíù 14:31 béèrè pé "wherefore didst thou doubt?", Bíbélì Yorùbá sì fi "èéṣe" sí i. Ní Mátíù 7:20, "Wherefore by their fruits ye shall know them", "nítorí náà" ló wà níbẹ̀. Ẹ wo ètò ọ̀rọ̀ láti fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀: nínú ìbéèrè, "didst" ṣáájú "thou", nínú èkejì, "ye" ló ṣáájú "shall". Ẹni tó bá fi "èéṣe" sí 7:20 ti sọ ìpinnu di ìbéèrè.

Ó tún máa ń di ọ̀rọ̀ orúkọ, "the whys and wherefores", ohun tí à ń pè ní ìdí abájọ.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ibi lẹ ń wá nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "whither" ni "sí ibo", "whence" ni "láti ibo".