Ẹ jẹ́ ká yọ "iná" kúrò nínú orúkọ EEG

Okun o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ àwọn dókítà ní EEG, àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ fi ń ya iṣẹ́ ọpọlọ ní ìlà-ìlà, dá ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún wa ní Yorùbá: "àyẹ̀wò iná ọpọlọ" fún EEG gan-an, "àyẹ̀wò ọlọ́jọ́-gbọọrọ" fún èyí tí wọ́n ń ṣe tọ̀sántòru, àti "ìtumọ̀" fún ohun tí dókítà ń ṣe sí i.

Iná ni n kò gbà. Lóòótọ́, agbára mànàmáná tín-ín-rín inú ọpọlọ ni Hans Berger kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ lórí ènìyàn ní Jámánì lọ́dún 1924. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í fi iná sí ẹnikẹ́ni lórí. Ẹ wá lọ sọ fún ìyá kan ní Kàbà pé ẹ fẹ́ ṣe àyẹ̀wò iná fún ọmọ rẹ̀ tí wárápá ti gbé ṣubú sínú ààrò rí, tí àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́! Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìgbì ọpọlọ".

Èyí tó ń gba ọjọ́ pípẹ́ ńkọ́? Wáyà á wà lórí aláìsàn, kámẹ́rà á dojú kọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa retí kí àìsàn náà gbé e níṣojú wọn. Ìṣọ́ nìyẹn. Ẹ má ṣáà fi "òru" kún un, torí ní Ìsánlú, ìjọ tí ẹ ń lọ ni wọn yóò béèrè.

Orí "ìtumọ̀" ni ìjà mi wà. Àlá là ń túmọ̀, kálukú sì lè túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Níbí, bí aláìsàn bá ṣẹ́jú, àwọn ìlà tí ẹ̀rọ ń yà láti iwájú orí á fò. Bó bá ń jẹun, ìlà á ṣe rúdurùdu. Bí wáyà kan bá tú díẹ̀, ìlà tirẹ̀ nìkan á yọ ṣóńṣó bí ẹni pé wárápá ni. Dókítà tí ojú rẹ̀ kò tíì là á pè é bẹ́ẹ̀, ẹni ẹlẹ́ni á sì máa gbé oògùn mì fún ọ̀pọ̀ ọdún lásán. Mímọ ohun tí kì í ṣe wárápá ló pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ yìí. "Ìdámọ̀" ni kí a lò.

"Ṣóńṣó" tí ẹ̀gbọ́n pe spike, ìlà tó yọ sókè wàá tó sì tètè kọjá, tẹ́ mi lọ́rùn. Sharp wave, ìgbì tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tó pẹ́ jù ú lọ, ńkọ́? Spike kì í tó 70 mílísẹ́kọ́ńdù (ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan), sharp wave lè tó 200. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ka èdè Yàgbà tàbí Búnú fún ohun tó mú, ṣùgbọ́n tí kò mú tó abẹ́rẹ́, kó fi ránṣẹ́.